Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìrì Dídì Ìyá Asunta

Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2019, omi inú garawa tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Eulogia Calsina dì gbagidi títí dé ìsàlẹ̀. Fidencio, ọkọ rẹ̀, ló fi àáké là á kí wọ́n tó rí omi gbé kaná. Ẹni mẹ́ta ló fojú rí i, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Nípa àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu mọ́.

Ní Kalapata, lókè pẹrẹsẹ ilẹ̀ Bòlífíà, ẹnikẹ́ni kì í bú òtútù nínú oṣù Kẹfà. Òtútù ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kó pòtétò kéékèèké tó korò jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbalasa, ìrì dídì òru á mú un le bí òkúta, oòrùn á sì mú un rọ̀. Tó bá ti gba òtútù tó, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ títí omi àti èèpo rẹ̀ yóò fi jáde, wọ́n á wá sá a gbẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní chuño. Ó lè wà nínú àká fún ọdún púpọ̀ láìbàjẹ́. Ilé tí kò bá ní i nígbà òjò, ilé onílé ni wọ́n á ti máa tọrọ ohun tí wọ́n á fi se ọbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gbà á. Ibi tó tẹ́jú, tó rẹlẹ̀, tí òtútù ti lè jókòó kó má dìde ni wọ́n ń fẹ́. Ẹyọ kan péré ni ìdílé yìí ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ti Ìyá Asunta sì ni, ìyá Fidencio.

Ọmọdébìnrin ni Eulogia nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ bàtà níbẹ̀, ìyàwó tuntun tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Èébú ni Asunta fi kọ́ ọ níṣẹ́. “Ṣé ijó lò ń jó ni, àbí pòtétò lò ń tẹ̀? Gìgísẹ̀ ni kí o fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀lẹ!” Nígbà tí Eulogia béèrè bóyá kí wọ́n dúró de òru San Juan, àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́ nínú oṣù Kẹfà, tí gbogbo ayé ń sọ pé ó tutù jù lọ́dún, ìyá ọkọ rẹ̀ tu ewé koka tó ń jẹ dànù. “Ọjọ́ tí pòtétò bá ti ṣe tán ni kí o bọ́ bàtà. Má bá mi dúró de ẹni mímọ́ kankan.”

Láti ìgbà náà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, Eulogia kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́ kùsà àti ìlú ńlá. Ní gbogbo ọdún yẹn, Asunta kò fi orúkọ pè é rí. “Ìyàwó Fidencio” ló ń pè é, bí ẹni ń tọ́ka sí àga tí Fidencio rà.

Kò dùn ún títí di ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Wilfredo, àbúrò Fidencio, fi bọ́ọ̀sì tó ń wà ní ìlú ńlá El Alto sílẹ̀, tó padà wálé pẹ̀lú Basilia, ìyàwó rẹ̀. Basilia sanra, ó lẹ́nu, ó sì máa ń kọrin tó bá ń bó pòtétò. Kò tíì lo oṣù kan nílé tí Asunta fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “ọmọ mi.” Lọ́jọ́ kan, Basilia sọ̀rọ̀ kan nípa àlùfáà tó máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì Wilfredo, Asunta tí kì í rẹ́rìn-ín sì rẹ́rìn-ín títí koka fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Eulogia ló gbá koka náà kúrò nílẹ̀.

Ọdún tó kọjá, Asunta ní kí Basilia máa lo ìdajì pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, nídìí oúnjẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. “Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ mọ́. Tí San Juan bá kọjá, màá sọ ẹni tó máa ni ín. Àmọ́ màá kọ́kọ́ wo chuño.”

Eulogia da oúnjẹ tó kù nínú àwo rẹ̀ padà sínú ìkòkò.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé tí garawa dì yẹn, àwọn obìnrin méjèèjì tẹ́ pòtétò wọn. Eulogia tó jẹ́ ìyálé ló kọ́kọ́ yàn, apá òkè ló sì mú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà yóò ti rí i. Basilia mú ìsàlẹ̀, létí omi. Kò sẹ́ni tó fipá mú Eulogia yan òkè. Ó yẹ ká rántí èyí, nítorí nígbà tó ń sọ ọ́ fún aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Basilia funfun kọjá ti gbogbo ilẹ̀ tó kù. Tí ó bá fi ẹsẹ̀ yí wọn, wọ́n á máa dún ko-ko-ko bí òkúta. Ti Eulogia náà dì, ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí ṣì rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tí Basilia kọ ẹ̀yìn sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ tìyẹn náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló dùn ún.

“Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ tún ń bá mi yẹ tèmi wò ni?”

“Ọ̀kan nínú àwọn làmá tí a ń sìn ló jẹ̀ lọ. Òun ni mò ń wá.”

“Ṣé abẹ́ pòtétò mi ló wọ̀ sí?” Basilia bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wò ó!”

Eulogia náà rẹ́rìn-ín. Ó gòkè padà sídìí tirẹ̀.

Ojú ọjọ́ kò dúró lójú kan lọ́sẹ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkúùkuu bo sánmà láti ìwọ̀ oòrùn, òru ọjọ́ náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní Ọjọ́rú, afẹ́fẹ́ gbé eruku, òjò dídì wẹ́wẹ́ ta sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oòrùn sì là padà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Eulogia kò wo sánmà tó bó ṣe ń wo ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tí ìkúùkuu bá bò ó, ó máa ń retí pé kó bo apá ìsàlẹ̀ nìkan. Ó mọ̀ pé ìkúùkuu kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ń retí.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Òtútù tó bọ́ sílẹ̀ lóru yẹn ju ti garawa lọ. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ tí oòrùn gorí òkè, omi ti ń ṣẹ́ lábẹ́ gbogbo pòtétò, lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ti ṣe tán. Ẹsẹ̀ Eulogia mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń tú okùn bàtà rẹ̀ nígbà tí Basilia gòkè wá, tó gbé yẹ̀rì rẹ̀ sókè.

“Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti tó? Wilfredo ní kí n kàn bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo ní ẹ̀yin ni màá bi.”

Eulogia gba pòtétò tí Basilia mú gòkè wá. Ó tẹ̀ ẹ́, omi mímọ́ sì tú jáde. Kò sí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lápá òkè. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí chuño Basilia níwájú Asunta, ó rí Asunta tó ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó gbọ́ “ọmọ mi.”

Ó so okùn bàtà rẹ̀ padà.

“Kò tíì tó,” ó ní. “Ẹ̀yin ará El Alto, ìkánjú yín ti pọ̀ jù. Òtútù San Juan ló ń parí iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ Àìkú ni. Dúró dè é.”

“Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ẹ ṣeun o, ìyálé mi. Wilfredo ì bá ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Bọ́ọ̀sì ni Wilfredo ń wà. Ta ló sọ fún un pé pòtétò náà ní ìjánu?”

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, Basilia tiẹ̀ gbá a léjìká.

Ohun tí Eulogia rò ni pé ìyàwó á lọ sílé, òun á sì tẹ tòun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n Basilia kò lọ. Ó tẹ́ aṣọ ìbora sínú àgọ́ koríko tí wọ́n fi ń ṣọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó dá iná, ó sì pè é kó wá jókòó. “Èmi àti ẹ̀yin la jọ máa dúró dè é. Màá máa bá yín ṣọ́ tòkè náà, kí làmá má gùn ún.”

Eulogia jókòó. Lójú rẹ̀, oòrùn ń yọ́ iṣẹ́ ọdún kan, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ dìde, kó máa tẹ tirẹ̀, lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kò tíì tó?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jí kùtùkùtù kó lè débẹ̀ nígbà tí ìyàwó á ṣì máa sùn. Láti orí òkè ló ti rí èéfín. Basilia ti jí, ó sì ti bu ọbẹ̀ dè é. “Mo mọ̀ pé ẹ máa tètè dé. Ẹ wá mu nǹkan gbígbóná.”

Ọbẹ̀ náà dùn. Ìyẹn náà tún dá kún ohun tó ń bí i nínú.

Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé òun lẹ́nu: ẹ jẹ́ ká bọ́ bàtà, mo ti yí ọkàn padà. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìdí. Ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ti ìsàlẹ̀ ṣì ni yóò dára jù. Bí kò bá sì sí èyí tó dára, kò sí èyí tó dára jù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú ọbẹ̀.

Ó tó ọ̀sán, ìkúùkuu bo gbogbo ilẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Òru náà kò tutù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò dídì tó ní omi nínú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Wọ́n sáré da koríko bò ó, pàbó. Fidencio bá wọn gbé koríko títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

“Eulogia, kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀?”

“Ta ló bi ọ́?”

Fidencio gbé koríko mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ àìsùn San Juan, gbogbo Kalapata ti funfun, igi tí wọ́n kó jọ fún iná San Juan sì ti rin gbingbin. Àwọn kan lábúlé ní òru ọjọ́ náà ló padà tutù jù lọ́dún. Àwọn mìíràn ní rárá, Ọjọ́rú ni. Èyí ó wù kó jẹ́, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́.

Asunta wá síbẹ̀ láàárọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, Basilia di ìkejì mú. Ó fi ọ̀pá ha òjò dídì kúrò nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ẹyọ kan fún òun, ó sì tẹ̀ ẹ́. Omi dúdú ló ṣàn jáde, tòun ti òórùn kíkan. Ó rìn dé òkè. Ibẹ̀ náà, bákan náà. Kò sí chuño kankan tó máa wò.

Basilia ti ń sunkún. “Màmá, ẹ má bínú. Ojú ọjọ́ ló ṣe wá báyìí. Mo bi ìyálé mi, wọ́n ní kí n dúró de San Juan, àwọn náà sì dúró. Ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ máa mọ̀ọ́mọ̀ fi tiẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà? Ẹ má bá wọn wí rárá.”

Eulogia ń wo ilẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀pá arúgbó náà ń bọ̀, tó sì dúró níwájú bàtà rẹ̀.

“Ọmọ mi,” Asunta ní, kì í ṣe Basilia ló sì ń wò, “ẹni mímọ́ wo ni mo kọ́ ọ pé kí o máa dúró dè?”