Bàbá Pákó àti Alábàárìn Tó Tú Àṣírí Ọjà

Bí a bá ń ka àwọn káfíńtà tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ láyé yìí, tí a kò bá ka Bàbá Pákó mọ́ wọn, kí a yáa pa ìwé náà dé. Àga tí ọkùnrin yìí bá kàn, tí erin bá jókòó lé e, erin ló máa kọ́kọ́ sọ pé ó rẹ òun. Ilẹ̀kùn tó bá gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, olè kì í já a. Ńṣe ni olè á kan án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á sì tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n irin kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ayùn oníná bu ìka méjì lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pákó títí egbò náà yóò fi jinná dénú.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò jókòó rí láti kékeré wá jókòó sínú pálọ̀. Ó bá fáànù jà pé ó ń yí lódì. Ó bá aago ògiri jà pé ó ń pariwo. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé máṣíìnì rẹ̀ jáde sí títì.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba ilé náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kò sì ní sùúrù fún aláìsàn tó ń kùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá, èyí tí wọ́n fi rọ́bà di ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà já sí méjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ìjà pa ìyàwó yín. Géèmù rèé. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè gé igi nínú rẹ̀, kí ẹ fi ṣe ọrun àti ọfà, kí ẹ tà á lọ́jà.”

“Igi tí kò ní èèpo, tí kò ní òórùn? Ṣé orí ẹ pé?”

Orí rẹ̀ pé. Kí oṣù tó yí po, Bàbá Pákó ti gé igbó tí ọ̀bọ ìlú mẹ́fà lè sá pamọ́ sí. Ó wọ ẹgbẹ́ kan tí olórí rẹ̀ ń jẹ́ Balógun. Kò sẹ́ni tó rí ojú Balógun rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú ohun àfetígbọ́ tí wọ́n ń fi sétí, ohùn tó nípọn bí epo tó dì. Ẹgbẹ́ náà ní erékùṣù tiwọn nínú géèmù, Balógun sì yọ ilẹ̀ kan fún Bàbá Pákó níbẹ̀. Ibẹ̀ ló kọ́ ilé iṣẹ́ sí. Kò sí pákó kan nínú ilé náà tí kì í ṣe òun ló gé e. Ó to àwọn tábìlì iṣẹ́ bó ṣe tò wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, tábìlì ńlá lẹ́bàá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó.

“Ilé yìí mà dáa ju èyí tí à ń gbé lọ.”

“Èmi nìkan ni mo kọ́ ọ,” ni Bàbá Pákó fèsì, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ, kò sì tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó mọ̀ pé títí ọwọ́ òsì yóò fi gbà láti di òòlù mú, ilé iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ibì kan ṣoṣo tí ọkọ òun ṣì ti jẹ́ káfíńtà.

Ẹgbẹ́ ní òfin kan. Gbogbo ọrun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe, Balógun ni wọn yóò tà á fún, ní iye tó bá pè. Ìlú Òkè, ìlú kan nínú géèmù náà, ló ń gbé e lọ tà. Ọ̀nà Ìlú Òkè sì burú: àwọn ọlọ́ṣà ló kún ibẹ̀, wọn a pa ọ́, wọn a sì kó ohun tó o rù. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan dé ibẹ̀ rí.

“Ọrun ti kún Ìlú Òkè,” ni orin Balógun. “Wọn ò rà á mọ́. Àánú yín ló ń ṣe mí tí mo ṣì ń gbà á lọ́wọ́ yín.”

Ní ọ̀sán Sunday kan, nọ́ọ̀sì wá wo egbò, ó sì wo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú gbogbo igi tí ẹ ń gé yìí, àáké ìbẹ̀rẹ̀ náà lẹ ṣì ń lò?”

“Ọjà ò dáa ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Balógun.”

Nọ́ọ̀sì yínmú. Ó ní irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní alábàárìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù ló ń jókòó sí. Bí èèyàn bá ṣí ọjà ìlú kan wò nínú géèmù, alábàárìn á da iye tí olúwarẹ̀ rí kọ, á sì fi í ránṣẹ́ sójú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí tọmọdé tàgbà á ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ohun tó wà nínú àpò mi ńkọ́?”

“Kò kàn án. Iye ọjà nìkan.”

Ó ṣí ojú ibẹ̀ hàn án. Gbogbo ìlú inú géèmù ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ọrun. Níwájú Ìlú Òkè, òfìfo. Kò tíì sí ẹni tó ní alábàárìn tó ṣí ọjà ọrun wò níbẹ̀.

Òfìfo yẹn ló bí Bàbá Pákó nínú. “Gbogbo ìlú ló ní iye, àfi ìlú tí wọ́n ń gbé òógùn mi lọ? Gbé irinṣẹ́ ọ̀hún wá!”

Láti ojú ìwé àwọn tó ṣe é gan-an ni nọ́ọ̀sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ fi í sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà gbé ìkìlọ̀ jáde: ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣe nǹkan yìí? Ó lè ba ẹ̀rọ yín jẹ́ o.

Bàbá Pákó dìde dúró. “Ìwọ àlòkù tí wọ́n fi rọ́bà dì lámùrè! Ìwọ lo ń bi mí pé ta ni mo mọ̀? Balógun tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ṣé o kìlọ̀ rẹ̀ fún mi?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tún béèrè. “Ó tún ń bi mí! Ọlọ́pàá ni ẹ́?” Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni ń fi àtàǹpàkò pa kòkòrò. Ni fèrèsé dúdú kékeré kan bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìlà funfun kan wà nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́ lọ gbári.

Nọ́ọ̀sì lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Pákó wo fèrèsé dúdú, fèrèsé dúdú wo Bàbá Pákó. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irinṣẹ́ tí kò bá ń ṣiṣẹ́ kì í sùn lórí tábìlì. Inú àpótí ló ń lọ, nítorí irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń géni lẹ́sẹ̀. Ó pa fèrèsé náà dé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì mú ọ̀nà Ìlú Òkè pọ̀n.

Ìrìn náà kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ó bọ́ gbogbo ẹrù sílẹ̀, ó ku ẹ̀wù kan ṣoṣo, kí àwọn ọlọ́ṣà má baà rí nǹkan kó. Wọ́n lé e gba inú ẹrẹ̀, wọ́n lé e gorí òkè. Ó sá débi pé nínú pálọ̀ gan-an ló ti ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà ni ó rẹ̀. Ó wọ Ìlú Òkè, ó ṣí ọjà, ó wo iye ọrun.

Igbe tó ké, abẹ́rẹ́ dá lẹ́nu máṣíìnì ìyàwó rẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé egbò ni?”

“Ìlọ́po mẹ́ta! Ìlọ́po mẹ́ta iye tí ọkùnrin yẹn ń fún wa! Ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣì ní àánú mi ń ṣe òun!”

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù kíákíá. “Ṣí ojú ibẹ̀ kí o wò ó!”

“Òfìfo ṣì ni o. Ẹ̀gbọ́n, alábàárìn dà?”

“Mo ti kó o nílẹ̀.”

“Ẹ ti pa á?”

“Kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó kàn ń wò mí ni.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi tí àwọn aláìsàn fi béèrè ohun tó ṣe é. “Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn! Ẹ jẹ́ kó máa wò yín. Ẹ tún un ṣí, kí ẹ wá tún ọjà ṣí.”

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú fèrèsé dúdú. Kí ó tó mí kanlẹ̀, iye ọrun Ìlú Òkè ti wà níta gbangba.

Ọjọ́ kejì ni Balógun pe ìpàdé. Bàbá Pákó gbé ohun àfetígbọ́ sétí. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó ń pa létí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Amí wà láàárín wa,” ni Balógun wí. “Ẹnì kan ti lọ da àṣírí ẹgbẹ́ sí ìgboro.”

“Èmi ni,” ni Bàbá Pákó wí. “Má wulẹ̀ wá a káàkiri.”

Balógun fi ohùn epo rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Bàbá Pákó. Àgbà iṣẹ́ bíi tiyín? Ẹ̀yin káfíńtà, ṣé ẹ máa ń pe iye ẹlòmíràn fún oníbàárà?”

Ibẹ̀ ló ti dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Káfíńtà gidi kì í pe iye káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú oníbàárà. Ó ti pa òfin yẹn mọ́ láti ìgbà tó ti ń gbé pákó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Kí ẹlẹ́tàn wá fi aṣọ mímọ́ iṣẹ́ òun nu ẹnu!

“A kì í pè é,” ó dáhùn. “Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún alábàáṣiṣẹ́ wa pé oníbàárà ò rà, kí owó ohun tó rà sì kún àpò wa. Iye tí wọ́n pè láàárín ọjà, àṣírí ta ni?”

“Ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ ìjà. Ẹ yọ alábàárìn yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ yín, kí ẹ tọrọ àforíjì níbí, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Ilé iṣẹ́ yín á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ilẹ̀ ẹgbẹ́ ló wà.”

Dírẹ́bà akẹ́rù kan wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gíá-Kẹta, nítorí kò fi gíá kẹrin wakọ̀ rí láyé rẹ̀. Òun ló fọhùn. “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Iye yẹn, ṣé òótọ́ ni?”

Balógun kàn tún un sọ pé òun ń dúró de àforíjì. Gíá-Kẹta náà kò sì béèrè mọ́. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá Pákó: “Bàbá, ẹ fi ṣe sùúrù.” “Ẹ kàn bẹ ọ̀gá, kó parí.”

Bàbá Pákó wo ilé iṣẹ́ náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó wo tábìlì ńlá lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbójú wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà mi orí díẹ̀: rárá.

“Balógun, ìwọ lo jẹ̀bi, èmi kọ́ ni màá bẹ̀bẹ̀. Ilé lo lè gbà. Ọwọ́ tó kọ́ ọ wà lára mi.”

Ó ṣì ń wí lọ́wọ́ nígbà tí ohùn gbogbo wọn já. Erékùṣù pòórá. Ó bá ara rẹ̀ létí omi, òun àti ẹ̀wù kan.

“Wọ́n ti lé wa jáde nílé?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

“Wọ́n lé wa.”

Obìnrin náà pòṣé, irú òṣé tó ń já òwú. Ó lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá síwájú kọ̀ǹpútà, ohun tí kò gbà fún un rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Pákó ṣí ojú iye ọjà láti wo ohun tó fi ilé iṣẹ́ rà. Iye Ìlú Òkè ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀. Ti òwúrọ̀ yẹn ni, tuntun, kì í sì í ṣe ọrun nìkan: àáké wà níbẹ̀, awọ wà níbẹ̀, irin wà níbẹ̀, ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹlòmíràn tó ní alábàárìn ti rin ọ̀nà ọlọ́ṣà lọ ṣí i. Alábàárìn kì í sọ orúkọ ẹni tó ránṣẹ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín! Ta ló tún máa wá ọrun Ìlú Òkè lọ? Ẹ ti ṣẹ́gun!”

“Ìṣẹ́gun wo?” Bàbá Pákó fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì, ó gbàgbé pé ó ní egbò. “Ẹni yẹn ní ẹsẹ̀ tó fi sá fún ọlọ́ṣà, ó ní ojú tó fi ka ọjà tán. Lánàá, nígbà tí wọ́n ń gba ilé mi, ẹnu rẹ̀ dà?”