Yunifọ́ọ̀mù Ọ̀gá Ọkọ̀ Tuntun

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Old Kent Road ní London, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lọ́kàn mi kò ní táyà. Ọkọ̀ inú fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ni, tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn àgbà wa ní Peckham ti ń wò ó láti ìgbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ọ̀sì, tí èrò ń fún ara wọn pọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Àwọn ló dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ fíìmù náà sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún fíìmù ọ̀hún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èmi dara pọ̀ mọ́ wọn, ìgbà yẹn náà sì ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ rí roboto bí ìdérí ìkòkò. Tuntun gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi páńla. Ọ̀gá ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ òyìnbó onírùngbọ̀n. Ti ìsinsìnyí jẹ́ obìnrin dúdú, orúkọ kan náà, iṣẹ́ kan náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lórí àga ọ̀gá, mo pariwo débi pé aládùúgbò mi wá kan ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ra aṣọ búlúù ní Rye Lane, mo fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, torí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ níbi ìwọ́de ọdọọdún ẹgbẹ́ wa.

Alága wa ní kò ṣeé ṣe. Nunhead ni bàbá náà ń gbé, ilé ìtajà òògùn òyìnbó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ló sì ń pè wọ́n ní Daddy. Wọ́n ní aṣọ ti àtijọ́ nìkan ló lè jáde. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká jọ sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì dìbò. Wọ́n gbà.

Ní ọ̀sán Sátidé tí a fi ìpàdé sí, gbọ̀ngàn kékeré tí a máa ń háyà kún fọ́fọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Daddy wí, "that ship exploded! Gbogbo wa la rí i. Captain kú sínú ẹ̀. How can he come back with another face, kó tún wá di obìnrin? Continuity ńkọ́, kí ìtàn má baà já?"

Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà níwájú èrò? Kí n tó ta kò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo ti kúnlẹ̀, mo ti ní "Daddy, ẹ má bínú sir", mo ti ń "sir" kiri títí ọ̀rọ̀ mi fi tutù. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn mi ń kùn. Mo mọ̀ pé mò ń fìdí rẹmi, inú sì ń bí mi burúkú.

Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọmọ-ọmọ Daddy, ọmọge tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá gbé wọn lọ sílé. Daddy dìde, wọ́n ṣí fìlà.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ fún mi ní five minutes."

Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, torí pé ẹ̀yìn ikú ìyá wọn gan-an ló dé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́.

Mo wo fìlà yẹn lọ́wọ́ wọn. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo nawọ́ sí ọmọge náà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sir. Ṣé Mummy yín ga báyìí?"

"Rárá o. Wọ́n kúrú."

"Ṣé wọ́n gbọ́ òyìnbó?"

"Wọn ò gbọ́ rárá."

"Ṣé ó dá yín lójú pé wọ́n kú?"

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Èmi ni mo sin wọ́n!"

"Ta wá lẹ ń ṣí fìlà fún?"

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ń lu tábìlì, àwọn ìyá àgbà ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń kígbe pé ó ti parí. Daddy wo ọmọ-ọmọ wọn títí. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi ni," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a dìbò, ọwọ́ tiwọn ló kọ́kọ́ ga sókè.

Ọjọ́ ìwọ́de pé, mo wọ búlúù mi, mo rí i pé àwọn èèyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Daddy wọ yunifọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti fún wọn níkùn. Àwọn ló máa ń ṣíwájú lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n rìn bọ́ sẹ́yìn mi, wọ́n nà ṣánṣán bíi sójà.

"Captain," ni wọ́n wí, "ẹ máa lọ níwájú. À ń tẹ̀ lé yín."