Àmì Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Fóònù

Ojú òsì bàbá mi ni gbogbo ilé ń bẹ Ọlọ́run fún báyìí. Ti ọ̀tún ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tù mí nínú, á ní àgbà ló dé, pé ojú arúgbó ò lè dà bíi ti ọmọdé. Mo máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Mo mọ ohun tí mò ń wò ní gbogbo àsìkò tí ojú náà fi ń lọ, ẹ̀rí ọkàn mi ò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkọ̀ tówìn, èyí tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bá kú, ni bàbá mi fi tọ́ wa. Oríta kan ní Iléṣà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ni wọ́n ń gbé e sí pẹ̀lú àwọn mélòó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Oníkálukú ló ni ọkọ̀ tirẹ̀, kò sí ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà tàbí tó já sí kòtò, mẹkáníìkì tàbí olópàá á pe ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á sì wo ẹni tó kàn. Ẹni tó kàn á gbéra. Àwọn yòókù á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó rọra o, kí ọkọ̀ tirẹ̀ náà má lọ kú síbẹ̀, kí àwọn má di ẹni tó ń lọ fi tówìn wọ́ tówìn.

Èmi ni mo mú áàpù orí fóònù wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òṣogbo, Òkè Fìà ni mo sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Ọkọ̀ ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ló kú lọ́jọ́ kan, ó tẹ fóònù rẹ̀, kò sì pẹ́ tí onítówìn kan tí kò mọ̀ rí fi yọ sí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn ló ṣe áàpù ọ̀hún. Onítówìn á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú á tẹ̀ ẹ́, onítówìn tó bá sún mọ́ ọn jù ni fóònù rẹ̀ á dún. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ra fóònù ńlá kan, mo kọrí sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, mo sì jókòó tì wọ́n títí gbogbo rẹ̀ fi tò. Nígbà tó kan fọ́tò, fìlà tí wọ́n ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dé, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà ò fẹ́ rí eyín ẹnikẹ́ni.

Áàpù náà gbà kí ẹnìkan nínú ẹbí onítówìn máa tẹ̀ lé ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ lórí máàpù. Ara mi ni mo fi síbẹ̀. Àmì kékeré kan báyìí ni, aláwọ̀ ewé. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, àmì á máa lọ. Bó bá dúró, á dúró. Mo sọ fún bàbá mi pé nítorí ààbò ni, pé ọ̀nà ò dára mọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí mi ò sọ fún wọn.

Láràárọ̀ ni mo máa ń pe bàbá mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìpè yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n á béèrè ọkọ mi, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á béèrè onílé wa, wọn ò sì ní gbàgbé ajá onílé wa. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ìyá mi, ṣé o kúnlẹ̀ síbẹ̀ ṣá?" Èmi tí mo fẹ̀yìn ti àga ní ọ́fíìsì á dáhùn pé, "Mo kúnlẹ̀, sà." Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ̀rín la fi máa ń parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, fáìlì á sì ti kún orí tábìlì mi. Nígbà tí àmì yẹn dé, ara tù mí. Mo kàn ń ṣí fóònù láàárọ̀ ni, mo rí i pé ọkọ̀ ti kúrò nílé, ó ti dé oríta, ó ti ń lọ sápá Ìpéríndó. Ọkàn mi á balẹ̀, mo bá kọjú sí iṣẹ́ mi. Ìpè àràárọ̀ di ti ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò mí ru.

Bí mo bá rántí pe fóònù kékeré tí wọ́n ń fi sápò, gbólóhùn kan náà ni wọ́n á sọ: "Uṣẹ́ ń lọ dáadáa, ìyá mi." Ìgbà kan wà tí mo gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn wọn. Mo rò pé abà kan ni wọ́n ti lọ wọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn pé ó rẹ̀ wọ́n, mo ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣe kó má rẹ̀ ẹ́. Láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì, bàbá mi ni mo fi ń yangàn. Mo máa ń na fóònù sí wọn pé kí wọ́n wo àgbàlagbà tó ń rin gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà já bí ọ̀dọ́. Wọ́n á yìn wọ́n, wọ́n á sì yin èmi náà pé ọmọ tó ń ṣètọ́jú bàbá ni mí. Mo ń gba ìyìn náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń fọ aṣọ nílé nígbà tí mo rí i pé àmì ti kúrò ní Iléṣà, Òṣogbo ló sì ń bọ̀. Mo ju aṣọ sílẹ̀. Mo gbé iṣu kaná, torí pé ará Iléṣà tó dé ilé ọmọ rẹ̀ tí kò bá iyán ò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ wọ aṣọ tó dáa. Àmì náà gun Òkè Fìà, ó dúró sí ọgbà mẹkáníìkì tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa gan-an, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo gún iyán. Mo bò ó. Nígbà tí mo tún yẹ fóònù wò, àmì ti yí padà, ó ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ.

Inú bí mi gan-an. Kí bàbá dé ìsàlẹ̀ àdúgbò ọmọ kó má yà kí i, kí ni ọmọ náà ṣe? Mo rò ó títí, mo rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ láti ọdún tó kọjá, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọkọ mi ní kí n pè wọ́n kí n béèrè. Mo ní mi ò pè, ẹni tó kọjá ló yẹ kó pe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti gbé tiẹ̀ dé. Òun àti àwọn ọmọ jẹ iyán náà, èmi ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá mi pè mí lọ́sẹ̀ yẹn. Mo rí orúkọ wọn, mo jẹ́ kó dún tán. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n mi ò yéé wo àmì náà. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀: mo ń bínú, mi ò gbé ìpè, síbẹ̀ mò ń wò.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, àmì náà tún dé ọgbà mẹkáníìkì yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò gbé iṣu kaná. Ìró ilé ni mo ró, sálúbàtà ni mo wọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ lẹ́nu. Ọkọ̀ bàbá mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń tú ṣéènì kúrò lára bọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ níjòkòó awakọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń wà ní oríta, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Láti kékeré la ti ń pè é ní bọ̀dá.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n wà lúlé."

"Ta ló wá ń wakọ̀?"

"Èmi ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún mi níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bàbá mi ti kọ́kọ́ kọ lu ìsọ̀ ẹnìkan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi ẹ̀rín bò ó. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, wọn ò rí ọkùnrin tó dúró lápá ọ̀tún wọn rárá, àfi ìgbà tí gbogbo èèyàn pariwo. Kò sí ohun tó ṣe ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti fóònù ńlá fún bọ̀dá, wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Àwọn tí ọkọ̀ wọn bá kú á wo fọ́tò onífìlà, wọ́n á wo bọ̀dá, bọ̀dá á sì ní oòrùn ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀.

Mo bá a padà sí Iléṣà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ìró ilé lára. Lójú ọ̀nà, mo ṣí fóònù mi. Àmì náà ń lọ, èmi fúnra mi ló sì gbé. Kò yàtọ̀ sí bó ṣe ń rí nígbà tí mo fi ń yangàn ní ọ́fíìsì.

Bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn adìẹ wọn. Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ bọ̀dá, wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o gba Òkè Fìà?" ni wọ́n bi í.

"Mo gbà á, sà."

"O ṣeun. Bó bá rí i lórí fóònù pé mo sún mọ́ òun báyẹn, inú ẹ̀ á dùn. Uṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ráyè pè. Mi ò fẹ́ kó máa dààmú."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Apá ibòmíràn ni bàbá mi ń wò. Mo ní, "Ẹ kúulé, sà." Wọ́n yí orí kiri títí wọ́n fi rí ibi tí mo wà, wọ́n wá na ọwọ́. Wọ́n ní, "Ìyá mi, má bínú." Èmi tí mi ò gbé ìpè wọn ni wọ́n ń bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo. Obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó tan iná sí ojú méjèèjì, ó wò ó pẹ́. Ó ní omi tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú ló tẹ iṣan ibẹ̀, pé ti ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe. Ti òsì kù díẹ̀. Bí a bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ìyókù dúró. Ó ní ká ní a tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Ó wá gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ ti dé ibí yìí á ti máa kọsẹ̀, á ti máa ta ife dànù, á ti máa yí orí kó tó rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ń mójú tó wọn láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn tí kò rí gbogbo ìyẹn.

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá mi ṣáájú mi. Wọ́n jókòó dáadáa lórí àga, bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ han àlejò.

"Ọmọ mi yìí ni," ni wọ́n wí. "Kò sí ọjọ́ kan tí kì í wò mí."

Dókítà gbójú sókè sí mi, ó ń dúró kí n fèsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.