Bíbélì Tó Wà ní Kọ́ọ̀tù Àtijọ́

Mi ò fẹ́ràn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa, mi ò sì ní purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni ilé náà kí wọ́n tó kó àwọn adájọ́ lọ sí Ẹgbẹ́dá. Àdán ló gba inú àjà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí hẹdimásítà kan tó ti fẹ̀yìntì tó gba kọ́kọ́rọ́, tó kùn ún lọ́dà, tó to ìkòkò, àdá àti fọ́tò àwọn òkú síbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló tẹ ìlú dó.

Inú kọ́ọ̀tù yẹn ni wọ́n ti gba oko kòkó lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá mi nìkan ni bàbá wọn bí. Nígbà tí bàbá kú, àbúrò bàbá wọn lọ sọ níwájú adájọ́ pé òun lòun gbin oko náà, pé ẹ̀gbọ́n òun kàn ń bá òun ṣọ́ ọ ni. Ní kọ́ọ̀tù ìgbà náà, Mùsùlùmí a fi Àlùkùránì búra, onígbàgbọ́ a fi Bíbélì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a fẹnu kan irin. Mùsùlùmí paraku ni ọkùnrin yìí, sáàfù iwájú ló ti máa ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó wá búra, Bíbélì ló nawọ́ mú. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun fẹ́ pa, ó sì wá ìwé tí kò ní mú òun. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, adájọ́ dá ẹjọ́, oko bá a lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù ni ìyá mi máa ń gbà lọ sọ́jà, ẹrẹ̀ ìbáà mù wọ́n dé orúnkún.

Lọ́dún tó kọjá, mo tan ìyá mi wọ ibẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo gbọ́ pé wọ́n kọ nǹkan nípa oko náà, mo rò pé orúkọ bàbá wọn ni a máa bá. Bíbélì la bá nínú àpótí gíláàsì, àti fọ́tò olè náà tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ka káàdì rẹ̀ sókè fún ìyá mi, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́:

"Bàbá yìí wà lára àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ nílùú yìí. Bíbélì tó fi búra nìyí. Òun ló gbin oko kòkó ẹ̀bá odò."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa yìí, irọ́ ti ríbi fẹ̀yìn tì.

Mo bi hẹdimásítà pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ìwé kọ́ọ̀tù ni. Ta ló ń fi Bíbélì búra bí kò ṣe onígbàgbọ́?" Onítẹ̀bọmi ni òun náà, inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí ẹnì kan kún wọn.

"Mùsùlùmí ni! Oko bàbá ìyá mi ló jí."

"Ṣé ẹ ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi fúnra wọn dúró síwájú rẹ̀, hẹdimásítà ń béèrè ìwé. Mo fa káàdì náà yọ, ó ku díẹ̀ kí n ya á. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Dá a padà. Jẹ́ káwọn ọmọ àbúrò bàbá mi wá kà á. Tí wọ́n bá ní bàbá àwọn kì í ṣe onígbàgbọ́, kí wọ́n wá sọ nǹkan tó ń fi Bíbélì ṣe."

A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Alájì ńláńlá làwọn ọmọ náà, ọdọọdún ni wọ́n máa ń gbé ẹran Iléyá wá sílé wa, ìyá mi ò sì bá wọn ṣọ̀tá rí. Ìyá mi gbà pé bàbá àwọn ọmọ náà ló fi irọ́ tọ́ wọn, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á wá tọrọ àforíjì. Ohun tí ìyá mi ń retí kó tó dọjọ́ ikú nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìyá mi á bi mí bóyá àwọn ọmọ náà ti lọ ka káàdì náà.

Lóṣù tó kọjá, hẹdimásítà pè mí pé àwọn ọmọ náà ti wá.

"Ṣé wọ́n pariwo?"

"Rárá o. Wọ́n kà á, wọ́n wojú ara wọn. Èyí àgbà bi mí pé ṣé ìyá yín ti rí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bá jáde."

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi bó ṣe jẹ́.

"Gbogbo ẹran Iléyá tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti ọjọ́ yìí," ni ìyá mi wí, "wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."