Ihò Tó Wà Láàárín Ìrọ̀rí

Ìyá Onírọ̀rí fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Agége, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà lórí ìrọ̀rí tuntun, wọ́n sì dijú. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n wọn kò sùn. Ìrọ̀rí náà ni wọ́n ń dán wò. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, mo ń fi ọwọ́ já fóòmù sí wẹ́wẹ́, ó ń dún bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń já koríko tútù jẹ. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró ná. Mo dúró. Nígbà tó pẹ́, wọ́n dìde jókòó, wọ́n fi ọwọ́ pa ọrùn, wọ́n ní, “Ó ṣì ń ti orí mi.” Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n sì tú ẹnu ìrọ̀rí tí wọ́n ti rán parí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, yàrá wọn ló tẹ̀lé tiwa. Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Ìyá Onírọ̀rí ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní orúkọ mìíràn rí. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun, níbi tí wọ́n ti ń to bisikíìtì sínú páálí, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ni mo ń bọ́ sí bí mo bá ti ilé ìwé dé. Àwọn ilé iṣẹ́ fóòmù máa ń ta àjákù wọn ní àpò ńláńlá. Ọkùnrin ọlọ́mọlanke kan ló ń bá ìyá kó àpò náà wá. A óò já fóòmù náà, a óò fọ̀ ọ́, a óò sì sá a sórí àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti gbó. Òórùn rẹ̀ jọ ti ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á gbé díẹ̀ lọ sí ibi ìdáná, àwọn obìnrin ilé á sì máa ráhùn.

“Ìyá, ẹ wá mú ẹran yín nínú ọbẹ̀ mi,” ni ọ̀kan nínú wọn wí lọ́jọ́ kan.

“Jẹ ẹ́,” ni ìyá dáhùn, láì gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́. “Kò ní egungun.”

Kí a tó já ohunkóhun nínú àpò tuntun, ìyá á dà á sílẹ̀, wọ́n á ṣa èyí tó funfun tó sì rọ̀ jù lọ, wọ́n á kó o sínú báàfù, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ti àwọn ọmọ Àgídìngbì nìyẹn. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lè rìn, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò lè dá jókòó. Ìyá ń kó ìrọ̀rí lọ fún wọn lóṣooṣù. Ní tiwa, aṣọ tó ti ya ni a fi ń ṣe sàárà, nítorí náà mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í kó èyí tó le tó sì láwọ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n sọ òmíràn tó funfun sínú báàfù.

“Ṣé Ọlọ́run ni kí n wá kó aléébù fún?”

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà gbé ọmọbìnrin kan mọ́ àyà. Ọmọ náà á tó ẹgbẹ́ mi. Egbò kan wà ní ìbàdí rẹ̀ nítorí ìdùbúlẹ̀, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ gbé e lé bẹ́ẹ̀dì báyìí, ẹkún ni. Obìnrin náà ní àyà òun ló ń sùn sí, òun fúnra òun kò sì rántí ìgbà tí òun sùn kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Ìyá lóṣòó níwájú ọmọ náà. “Ọmọ mi, níbo gan-an ló ti ń dùn ọ́?”

Ọmọ náà mú ọwọ́ ìyá, ó fi ìka wọn yí ibi egbò náà ká, ó rọra yí i, kò jẹ́ kí ó kan àárín rẹ̀.

Ìyá ṣèlérí ìrọ̀rí fún un. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ rán ni irú èyí tí ará Agége ń fẹ́. Ní ọjà wa, oníbàárà á fi ìkúùkù lu ìrọ̀rí. Bí kò bá dìde padà kíá, kò ní rà á. Ìyá fẹ́ ṣe ọmọ náà lóore, wọ́n ki ìrọ̀rí náà títí ó fi le bí ikùn ẹni tó yó. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé e, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá gbé ìrọ̀rí wọn, wọ́n fi há abíyá. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí a fi délé.

Wọ́n rán òmíràn, wọ́n dín fóòmù rẹ̀ kù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, egbò sì kan bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rán òmíràn. Ní gbogbo àkókò yìí, ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń sùn sí ti ní kí ìyá rán ìrọ̀rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tuntun, ìwọlé sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo rí kí ó kàn wọ́n nìyẹn. Àwọn àpò fóòmù tó wà fún un kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá.

“Ìyá, ilé ìwé ń dúró,” ni ọlọ́mọlanke wí. “Ìrọ̀rí kan ṣoṣo lẹ ń rán láti ọjọ́ yìí.”

“Ọmọ ilé ìwé lè sun orí ìwé. Èyí kò rí ibi sùn.”

Ọ̀nà àbáwọlé wa há, ọmọlanke kì í lè wọlé. Ọkùnrin náà á fi òṣùká sórí, á gbé àpò lé e, á sì rù ú wọlé. Bó ti sọ àpò kan kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òṣùká rẹ̀ já bọ́ síwájú ìyá. Wọ́n mú un. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ ihò àárín rẹ̀.

“Àpò yìí, ṣé ó kan àárín orí rẹ?”

“Ó tì o. Ara òṣùká ló gbé e dúró.”

Ìyá na ìka ọ̀tún, wọ́n fi yí àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn ká, wọ́n rọra yí i, bí ọmọ náà ti fi hàn wọ́n gẹ́lẹ́. Mo rí i.

Wọ́n gé ìró wọn kan tí omi ti fọ̀ rọ̀. Wọ́n rán òṣùká ńlá, tó fẹ̀, tí kò ga, wọ́n sì fi èyí tó rọ̀ jù nínú báàfù kún un níwọ̀nba. Wọ́n fi ìbàdí lé e, wọ́n dùbúlẹ̀ títí a fi gbọ́ ìpè ìrun Alásárì. Wọ́n ní kí n ti ọwọ́ bọ ihò náà lábẹ́ wọn kí n sọ bóyá ara wọn kan ilẹ̀. Mo ní kò kàn án. Wọ́n ní kí n tún wò dáadáa. Mo tún wò. Kò kàn án.

Ọlọ́mọlanke gbé ìrọ̀rí náà sókè, ó fi ojú kan yọjú láti inú rẹ̀. “Ìyá, èyí ti lu. Ta ló máa ra ihò lọ́wọ́ yín?”

“Ihò yẹn gan-an ni mo rán,” ni wọ́n wí. “Fóòmù kàn yí i ká ni.”

Ní Àgídìngbì, ọmọ náà di aṣọ obìnrin náà mú pinpin bí wọ́n ti ń gbé e sílẹ̀. Ó ti la ẹnu láti ké. Ẹkún kò jáde. Ó mí. Ìka rẹ̀ ń tú kúrò lára aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń wálẹ̀, títí ó fi pa á dé. Obìnrin olùtọ́jú yí ojú sí ògiri. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìka lé ètè fún mi. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan tó ń lù kìkì lókèèrè, mo sì ń wo ìyá tó ń já fóòmù pẹ̀lú mi lójoojúmọ́ bí ẹni tí n kò rí rí. A kò dìde títí ọmọ náà fi jí.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà ní ó dára, kí wọ́n ṣáà máa yí ọmọ náà padà láti ìgbà dé ìgbà. Kí ọyẹ́ tó dé, egbò náà ti pa ẹnu dé. Iṣẹ́ ilé ìwé bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹnu màmá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá kò mẹ́nu bà á rí. Wọ́n ń ta àwọn fóòmù náà díẹ̀díẹ̀ títí òjò fi dé. Ọlọ́mọlanke tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá ń bá wọn ru ìrọ̀rí lọ sí Àgídìngbì, kò sì gba nǹkan kan.

Ìyá ti lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agége, kọ́tìnnì ni mo ń rán. Àwọn ilé tó ń tọ́jú ọmọ máa ń wá bá wa pé kí a ràn wọ́n lọ́wọ́, mo sì mọ àwọn oníṣòwò tó máa ń yíjú sí ẹ̀yìn káńtà láti ṣa ohun tí kò tà fún wọn. Èmi máa ń kọ́kọ́ bá àwọn tó wá náà lọ sí ilé àwọn ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọmọkùnrin kan hàn mí tí ojú rẹ̀ kò lè gba ìmọ́lẹ̀, tí oòrùn sì ń bá a lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án. Mo bi í níbi tó ti ń dùn ún. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e fún ìgbà díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo dùbúlẹ̀ sí ibi tó máa ń dùbúlẹ̀ sí, mo kọjú sí fèrèsé, mo sì ń dúró de oòrùn.