Ọbẹ̀ Ìṣápá Tí Mo Dà Nù

Èmi kì í jẹun kiri. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mí. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti kékeré: bí ẹni tí o kò mọ̀ dáadáa bá gbé oúnjẹ fún ọ, gbà á, dúpẹ́, má fi kan ẹnu. Ìfura loògùn àgbà.

Lọ́dún kan, ìyá ọkọ mi ṣàìsàn. Ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò ni wọ́n ti gba ìtọ́jú, nígbà tí wọ́n sì dá wọn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Bódìjà ni ọkọ mi gbé wọn wá. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé bí màmá ò bá jẹun, oògùn nìkan ò lè gbé wọn dìde. Màmá ò sì jẹun. Mo gúnyán, mo se ẹ̀fọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní àwọn ti yó. Mo se ẹja tútù, wọ́n ní ó ń rùn. Aṣọ ń bọ́ léjìká wọn. Ọkọ mi wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń febi pa ìyá rẹ̀. Inú ń bí mi gan-an, nítorí èmi ni mò ń jí ní kùtùkùtù wá dáná kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níléèwé.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan kó wá sí ilé tó kángun sí tiwa. Ará Èkìtì ni, bíi màmá, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọba ní Sẹkitéríàtì. Sátidé kan, ó kan géètì wa, kúlà oúnjẹ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Àǹtí, ẹ kú ilé o. Mo se ọbẹ̀ ìṣápá díẹ̀ fún màmá, mo gúnyán sí i."

Ìṣápá kẹ̀! Ta ló sọ fún un pé màmá wà nílé wa? Àbí ọkọ mi ti ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi ni? Obìnrin tí kò tíì lo oṣù méjì ládùúgbò, tó ń gúnyán fún ìyá ọkọ ẹlòmíì! Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ títí. Bó ṣe yíjú padà báyìí, mo gba ilé ìdáná lọ, mo ṣí kúlà. Òórùn kíkan kan bò mí nímú. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, wọn kì í se ìṣápá nílé wa. Òdòdó funfun ni mo ṣáà rí nínú ẹ̀gúsí. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

Ẹ lè bi mí pé kí ni mo rí lọ́bẹ̀ tí mo fi waaro ọwọ́. N kò rí nǹkan kan. Ohun tí n kò rí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n a kì í dá abọ́ olóore padà lófìfo. Mo fọ kúlà, mo kó ọsàn sí i, mo gbé e lọ fún un.

"Ṣé màmá jẹ ẹ́?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Wọ́n jẹ ẹ́ o! Wọ́n pọ́nwọ́ lá."

Irọ́ yẹn ló kó bá mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún gbé e wá ní Sátidé kejì, ó tún gbé e wá ní ìkẹta, ó fi ẹran ìgbẹ́ sí i. Mò ń dà á nù, mò ń kó èso sí kúlà, mò ń parọ́.

Ní Sátidé kẹrin, mo lọ ra ata lọ́jà Bódìjà. Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. Màmá wà lórí àga, obìnrin náà jókòó tì wọ́n lórí àpótí, ó ń ṣí kúlà.

"Màmá," ó ń wí, "látọjọ́ tí ẹ ti bá mi sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì pé ìṣápá ń wù yín ni mo ti ń wá a kiri. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ṣé kò kan jù?"

"Èwo?" ni màmá bi í.

Màmá gbójú sókè, wọ́n rí mi níbi tí mo dúró sí. Wọ́n wò mí títí. Ó ti parí náà nìyẹn: ọkọ mi á gbọ́, àdúgbò á gbọ́, àwọn obìnrin ìjọ wa á gbọ́ pé èmi ni mò ń da oúnjẹ aláìsàn nù.

"Háà, ìyẹn!" ni màmá wí. "Kò kan rárá, ó dùn. Má dá mi lóhùn jàre, arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bu oúnjẹ fún wọn, ó kí mi, ó lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì.

"Màámi, ẹ ṣeun. Ẹ bò mí láṣìírí."

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ń jẹun, òkèlè ń tẹ̀lé òkèlè, ohun tí n kò rí rí látìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n fìka nu ìdí abọ́ tán ni wọ́n tó dá mi lóhùn.

"N kò bò ọ́ láṣìírí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń retí ọbẹ̀ yìí, mo ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ nínú mi pé ó ṣèlérí ìṣápá fún mi, kò mú un wá. Bí mo bá tú ọ fó, ó lè bínú, kó má sè é mọ́. Ebi ń pa mí, ìyàwó."