Ááyù Lórí Àṣàkẹ́

Lánàá, bí mo ṣe da ááyù sínú òróró gbígbóná, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n mú Àṣàkẹ́, ọmọ àbúrò màámi, wá láti Ìkòyí-Ilé. Làpálàpá tí kò gbọ́ oògùn kẹ́míìsì bo orí rẹ̀. Màámi gún ááyù, wọ́n pò ó mọ́ òróró àgbọn, wọ́n gbé orí Àṣàkẹ́ lé itan, wọ́n sì ń rọra fi pa á lórí. Itan tèmi!

“Màámi, ẹ wo orí mi, ó ń yún èmi náà.”

Wọ́n tú irun mi wò. “Kò sí nǹkan níbẹ̀. Lọ ṣeré.”

Ááyù ta Àṣàkẹ́ lórí, ó sì ké: “Màámi!”

“Kì í ṣe màmá ẹ!” ni mo pariwo.

Ọwọ́ màámi dúró. Wọn ò bá mi wí, omi kàn bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá Àṣàkẹ́, àbúrò màámi, ni.

Àṣàkẹ́ sún orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Wá sùn síbí. Ó gba àwa méjèèjì.”

Mo gbé orí lé itan màámi, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ ti Àṣàkẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ sí i.